Omi Ilẹ̀ Ọ̀dá Òkè Ọya: Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ìsọ̀ Alálùbọ́sà ní Ṣágámù

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ń ta àlùbọ́sà àti tòmátò ní Sábó, Ṣágámù, kí n tó gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí mo ti jókòó síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníbàárà ń bi mí ní oríṣiríṣi ọ̀nà: báwo ni ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí ṣe ń bọ́ àwa tí òjò ń pa láti Ẹrẹ́nà títí wọ Bélú? Mo ti bi àwọn awakọ̀ àti àwọn àgbẹ̀ tó máa ń tẹ̀lé ẹrù wọn wá, mo sì ti ka èyí tí ó ṣeé kà. Àwọn ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni mo kó jọ síhìn-ín, kí n má baà máa tún un sọ lójoojúmọ́.

Apá ibo gan-an ni ẹ ń pè ní ilẹ̀ ọ̀dá?

Kì í ṣe gbogbo Òkè Ọya. Ilẹ̀ Tápà àti àwọn agbègbè tó wà létí Odò Bẹ́núé ní omi dáadáa. Ìlà ilẹ̀ tí mo ní lọ́kàn bẹ̀rẹ̀ láti Sókótó àti Kebbi, ó gba Zamfara, Katsina, Kánò àti Jigawa kọjá, ó sì dé Yobe àti Borno, níbi tí ilẹ̀ wa ti bá orílẹ̀-èdè Niger àti Ṣáàdì pààlà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, òjò ọdún kan máa ń ju mìlímítà 1,500 lọ. Ní Kánò, ó máa ń wà ní nǹkan bí 800 sí 900, bí ènìyàn bá sì dé etí Adágún Ṣáàdì, kì í sábà pé 500.

Bí òjò náà ṣe pín nínú ọdún tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Tiwa fẹ́ sí nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tiwọn há sí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, débi pé láti Bélú títí wọ Ẹrẹ́nà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kán omi kan má bọ́ láti ojú ọ̀run. Ohun tí ó bá rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀ wọ̀nyẹn ni ènìyàn, màlúù àti oko yóò fi gbé ọdún já.

Kí ló fà á tí òjò fi pọ̀ níhìn-ín tí kò pọ̀ lọ́hùn-ún?

Orí òkun ni òjò ti ń wá. Atẹ́gùn tó ru omi láti Òkun Àtìláńtíìkì máa ń gba gúúsù wọlé, àwa tí a sún mọ́ ọ̀sà ló sì kọ́kọ́ ń kàn. Bí ó ṣe ń lọ sókè ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́. Láti ìhà kejì, atẹ́gùn gbígbẹ ti aṣálẹ̀ Sàhárà, èyí tí a mọ̀ sí ọyẹ́, ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ibi ìpàdé àwọn méjèèjì kì í dúró sójú kan. Ó máa ń bá oòrùn rìn lọ sí àríwá, oṣù Ògún ló sì máa ń jìnnà sí wa jù lọ. Ìgbà náà ni òjò Kánò máa ń le jù, ìgbà náà gan-an sì ni tiwa máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, lẹ́yìn tí ọdún Agẹmọ bá ti kọjá.

Bí òjò ibẹ̀ kò bá pọ̀, níbo ni odò wọn ti ń rí omi?

Ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Òkè pẹrẹsẹ tí ìlú Jos wà lórí rẹ̀ ga ju mítà 1,200 lọ sí ojú òkun. Gíga rẹ̀ ń mú kí ìkùukùu sọ ẹrù sílẹ̀, òjò ibẹ̀ sì sún mọ́ ti Ìjẹ̀bú. Ẹ dojú igbá dé ilẹ̀, kí ẹ sì da omi lé e lórí, bí àwọn odò ṣe ń ṣàn kúrò lára òkè náà nìyẹn: Odò Kaduna wálẹ̀ sí ìhà Odò Ọya, Gongola yí lọ bá Bẹ́núé, Jama'are sì kọrí sí àríwá, sí ilẹ̀ gbígbẹ. Odò Kánò àti Odò Challawa, tí àwọn náà ti orí ilẹ̀ gíga wá, pàdé ara wọn, wọ́n di Hadejia. Nígbà tí Hadejia àti Jama'are bá tún pàdé, wọ́n di Odò Yobe, tó forí lé Adágún Ṣáàdì. Ní ìwọ̀-oòrùn, Odò Sókótó bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Funtua, ó gba omi Rima mọ́ra, ó sì lọ já sínú Odò Ọya.

Àwọn odò wọ̀nyí kò dà bí Yemoji tàbí Ibu tiwa tí ń ṣàn yí ọdún po. Ní ìgbà òjò, wọ́n á kún àkúnya. Ní oṣù Èrèlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti di iyanrìn funfun. Àlhájì kan tó máa ń já ẹrù sí ìsọ̀ mi sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àárín odò ni àwọn ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù, tí òùngbẹ bá sì gbẹ wọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ wa iyanrìn náà títí omi á fi sun sínú ihò. Omi náà kò kúkú lọ ibì kankan. Ó kàn wọ abẹ́ iyanrìn sá fún oòrùn ni.

Kí ni iṣẹ́ dáàmù nínú ọ̀rọ̀ náà?

Iṣẹ́ àgbà ìkòkò ni. Bí omi ọdún kan bá máa dé láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò gbà á sí yóò kàn máa wò ó bí ó ṣe ń kọjá lọ ni. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni dáàmù Tiga lórí Odò Kánò, tí wọ́n parí ní 1974. Ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ́ ọ láti gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kúbíìkì bílíọ̀nù 2. Mítà kúbíìkì kan jẹ́ lítà 1,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ogójì. Ẹni tó bá lè ṣírò ìyókù, kí ó ṣe é. Challawa Gorge tẹ̀lé e ní 1992, òun náà ní ìpínlẹ̀ Kánò. Ní ìhà Sókótó àti Zamfara, Bakolori parí ní 1978, Goronyo sì tẹ̀lé e ní 1984.

Láti Tiga, omi máa ń gba inú kòtò gbọọrọ tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ lọ sí oko, láìsí ẹ̀rọ kankan, nítorí ilẹ̀ náà dagẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́ láti ìhà dáàmù lọ sí ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sójú ètò fún ìpele kìíní iṣẹ́ náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 22,000, ní agbègbè Kura, Bunkure àti Kadawa.

Mi ò lóye bí wọ́n ṣe ń pín in títí àgbẹ̀ kan láti Kura fi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó lóṣòó sórí ilẹ̀ ìsọ̀, ó fi ìka fa ilà gígùn kan nínú erùpẹ̀, ó tún fa àwọn ilà kéékèèké láti ara rẹ̀, ó sì mọ ebè tín-ín-rín yí wọn ká bí àpótí. Lẹ́yìn náà ni ó fi eyín já píọ̀ wọ́tà, ó sì ń dà á sí orí ilà ńlá náà díẹ̀díẹ̀. Omi náà dé ẹnu àpótí kìíní, ó fi ìka ṣí i. Nígbà tí ó kún, ó fi erùpẹ̀ dí i, ó sì ṣí ìkejì. Lóko, ọkọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìka yẹn. Kí omi tó dé àpótí tó gbẹ̀yìn, píọ̀ wọ́tà ti tán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin náà ti rí ìjà tó wà níbẹ̀.” Ẹni tí oko rẹ̀ wà lórí ni omi ń kàn kíákíá, ẹni tó wà ní ìdí máa ń jí lóru lọ wò bóyá ẹni tó wà lókè ti dí ẹnu kòtò tirẹ̀.

Kí ni fàdámà, tí wọ́n máa ń dárúkọ lórí rédíò?

Àwa náà ní i: àkùrọ̀ ni. Ilẹ̀ tó wà ní bèbè odò, tí omi máa ń bò nígbà òjò, tó sì máa ń wà ní rírin nígbà tí ibi gbogbo bá ti gbẹ, ni àwọn Hausa ń pè ní fàdámà. Kí wọ́n tó ronú kan dáàmù rárá ni àgbẹ̀ ti ń dá oko ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Nígbà àtijọ́, jigo ni wọ́n fi ń fa omi: igi gígùn kan tí wọ́n gbé dábùú orí òpó, tí igbá tàbí korobá wà ní orí kan, tí amọ̀ líle tàbí òkúta sì wà ní orí kejì láti fi dọ́gba. Ẹni kan ṣoṣo lè dúró ti jigo láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán kí ó tó rin oko kékeré kan. Lónìí, ẹ̀rọ afami elépò bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí sì ni ìdí tí owó àlùbọ́sà fi máa ń fò sókè nígbà tí epo bá wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé owó mọ́tò nìkan ni. Epo ti wọ inú àlùbọ́sà náà kí ó tó kúrò lóko.

Aliero ní ìpínlẹ̀ Kebbi wà lára àwọn ibi tí àlùbọ́sà wa ti ń wá jù lọ.

Ṣé wọn kì í gbẹ́ kànga ni?

Wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ Kánò àti Katsina wà lórí àpáta líle, tí omi kì í sí nínú rẹ̀ àyàfi níbi tó ti sán tàbí níbi tó ti jẹrà. Ìjẹ̀bú-Igbó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí Ṣágámù wà lórí ilẹ̀ alábala iyanrìn àti òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹ wo bí bọ́hóòlù ìlú méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra. Ní Borno, ìtàn mìíràn ni. Àwọn àbala iyanrìn ńlá wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ní ìpele mẹ́ta lórí ara wọn, tí amọ̀ sì dí wọn láàárín. Omi ìpele àárín wà lábẹ́ ìfúnpá débi pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lu ú, fúnra rẹ̀ ni ó ń tú jáde sókè láìsí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú omi náà ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí agbègbè náà ṣì tutù, òjò ìsinsìnyí kò sì lè tètè dí ohun tí a bá fà jáde. Owó tí a jogún ni, kì í ṣe owó oṣù.

Ta ló ń lo omi náà jù?

Oko ni. Káàkiri ayé, nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 omi tí ènìyàn ń fà láti inú odò, adágún àti abẹ́ ilẹ̀ ló ń bá iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ. Ti inú ilé kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìlú ńlá bíi Kánò, omi dáàmù kan náà ni wọ́n ń fọ̀ mọ́ fún mímu, àdúgbò tí ẹ̀rọ omi kò bá sì dé, tàbí tí ó dé tí kò yọ, ọwọ́ àwọn méruwà tí ń ti ọmọlanke oníkẹ́ẹ̀gì kiri ni wọ́n ti ń rà á.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe fún àwọn tó bá ń yọwó tòmátò lọ́wọ́ mi. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀, tòmátò kìlógíráàmù kan máa ń gba nǹkan bí lítà omi 200 kí ó tó pọ́n. Bí apẹ̀rẹ̀ kan bá wọn kìlógíráàmù 40, omi tó wọ inú rẹ̀ jẹ́ lítà 8,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 320. Díẹ̀ kíún ni ó kù nínú èso náà. Ewé ti mí ìyókù sínú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ sì ti mu díẹ̀. Ti ẹran màlúù ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí kìlógíráàmù kan ń gba nǹkan bí lítà 15,000, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sórí koríko ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rọ fà á, nítorí náà kò yẹ kí a gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan.

Kí ló dé tí tòmátò fi ń wọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n á ní, “Àǹtí, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kí ló dé tí apẹ̀rẹ̀ fi wọ́n bí ojú báyìí?” Ìdáhùn ni pé tòmátò tí a ń jẹ púpọ̀ kì í ṣe ọmọ òjò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ọkà kúrò lóko. Òtútù òru ọyẹ́ ń jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ mú èso, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí àrùn olú jẹ ewé rẹ̀, omi dáàmù sì ń lọ sí ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀n tí àgbẹ̀ fẹ́. Láti Ọ̀pẹ sí Igbe ni ọjà máa ń kún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ewé á máa jẹrà, ilẹ̀ oko náà á sì padà sọ́dọ̀ ọkà bàbà àti ìrẹsì. Ohun tó bá kù, ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́ á tún fọ́ ìdajì rẹ̀ kí ó tó dé Ṣágámù.

Ti ọdún 2016 yàtọ̀. Kòkòrò kan ni ó jẹ oko run ní ìhà Kánò àti Kaduna. Omi kò lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Adágún Ṣáàdì ti gbẹ tán?

Kò gbẹ tán, ṣùgbọ́n ó fà sẹ́yìn gidigidi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó tó kìlómítà oníhà mẹ́rin 25,000. Lẹ́yìn ọ̀dá 1972 sí 1973 àti ti 1983 sí 1984, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, ó ti gbéra díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko àti ẹrẹ̀ ló bo apá púpọ̀. Kò jinlẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí omi fi lè lọ sílẹ̀ díẹ̀ kí etí adágún sì sún lọ jìnnà, bí omi inú àwo pẹrẹsẹ.

Omi adágún náà, òjò Borno kọ́. Ó ju ìpín 90 nínú 100 lọ tí Odò Chari àti Logone ń gbé wá láti gúúsù, láti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àárín Gbùngbùn Áfríkà àti Kamẹrúùnù. Bí ọ̀run ibẹ̀ bá há, Borno ni yóò sunkún. Ìjọba wa gbẹ́ kòtò omi ńlá ní gúúsù adágún náà, wọ́n ní àwọn yóò rin hẹ́kítà 67,000, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni etí omi sá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, kòtò sì ń wo òfìfo.

Ǹjẹ́ dáàmù kì í pa ẹnikẹ́ni lára?

Ó ń pa á. Omi tí a bá sé fún àwọn kan, àwọn mìíràn ló ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀. Láàárín Hadejia àti Nguru, ilẹ̀ ẹrẹ̀ gbalasa kan wà tí àwọn apẹja, darandaran àti àgbẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, tí ẹyẹ láti ìlú òyìnbó sì ń wá sá òtútù sí. Láti ìgbà tí dáàmù ti ń dá àkúnya dúró lókè, ilẹ̀ náà ti dín kù. Omi díẹ̀díẹ̀ tí ń jò lọ láìdáwọ́ dúró sì wá bọ́ koríko kan tí wọ́n ń pè ní kachalla, tó dí ojú odò pa. Ní Bakolori, ọ̀ràn ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fa ìjà, ní oṣù Igbe 1980 àwọn ọlọ́pàá sì kọlù wọ́n, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí dáàmù bá sì já, ìyẹn tún burú: Alau, tó wà nítòsí Maiduguri, já ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi sì bo apá ńlá nínú ìlú tó wà ní àárín ilẹ̀ ọ̀dá.

Síbẹ̀, mi ò lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé kò yẹ kí wọ́n kọ́ dáàmù rárá. Ìsọ̀ mi ò ní sí. Ohun tí mo rò ni pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò yẹ kí wọ́n wà nídìí àbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí á má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé pátákó jáde.

Àwa ní Rẹ́mọ, kí ni à ń fi ránṣẹ́ sí wọn?

Obì. Nítorí obì ni Sábó fi wà ní Ṣágámù. Igi gbànja kò lè gbé ilẹ̀ tí òjò ibẹ̀ kò tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ́dún, kò sì sí ọ̀nà tí ará Kánò fi lè gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí wọn kì í pín in. Àwọn oníṣòwò Hausa wá dó síhìn-ín láti máa rà á, mọ́tò tó bá sì kó obì tí wọ́n fi ewé dì sínú agbọ̀n lọ sókè, ẹrù mìíràn ni yóò gbé bọ̀. Òjò Rẹ́mọ ló wà nínú agbọ̀n obì yẹn, láìsí kòtò tàbí ẹ̀rọ.

Òjò tiwa tí kò wọ inú obì ńkọ́? Ó ń gba Ibu, Ọ̀ṣun àti Ọnà lọ sínú ọ̀sà. Ní Èrèlé, okùn korobá kànga ilé wa máa ń fẹ́ àsomọ́ apá mẹ́ta, àwọn aládùúgbò mi sì ń dá owó jọ ra omi tanka, ní ìlú tí òjò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti Kánò. Mo ra dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi gọ́tà páànù darí òjò òrùlé sínú wọn. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a ti fi ń fọ aṣọ títí di àárín Ṣẹ́rẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí n ra àlùbọ́sà pamọ́?

Ẹrẹ́nà sí Igbe, nígbà tí ti fàdámà bá ń dé wìtìwìtì. Ẹ ṣa èyí tí ọrùn rẹ̀ gbẹ, tí èèpo rẹ̀ ń dún lọ́wọ́. Ẹ má kó o lé orí sìmẹ́ńtì, ẹ má sì dè é mọ́ inú ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí kí ẹ so ó rọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó bá rọ̀ kúrò kí ó tó kó bá ìyókù.